Mi Ò Ka Ojú Ewé Kẹta

Ojú ewé mẹ́rin ni lẹ́tà tí ilé-ẹ̀kọ́ òfin kan ní Amẹ́ríkà fi gbà mí wọlé, oṣù kẹta ọdún 2016. Mo ka àkọ́kọ́: wọ́n kí mi kú oríire, wọ́n sì fi ẹsẹ Bíbélì kan gúnlẹ̀. Mo ka ìkejì: wọ́n ní àwọn á san ìdajì owó ilé-ẹ̀kọ́ mi. Ibẹ̀ ni mo ti kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì nínú kíṣìnnì, tí mo bú sórin ọpẹ́. Bàbá Dámilọ́lá sáré jáde láti balùwẹ̀ tòun ti ọṣẹ lójú, ó rò pé wọ́n ti pè láti ilé pé nǹkan ṣe Màámi ni.

Ojú ewé kẹta, mi ò kà á. Ìlà méjì péré ló kàn mí níbẹ̀: bí àpapọ̀ máàkì mi (GPA) bá fi lè dín sí 3.0 lópin ọdún kìíní, owó náà bọ́ nìyẹn, kò sì ní padà bó ti wù kí n ṣe dáadáa tó lẹ́yìn ìgbà náà.

Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé báńkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń yá èèyàn lówó. Ẹnu mi yìí ni mo fi ń sọ fún oníbàárà lójoojúmọ́ pé, "Ẹ ka gbogbo ẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i o." Ṣùgbọ́n báńkì kì í fi ẹsẹ Bíbélì parí lẹ́tà.

Ẹ jẹ́ n padà sẹ́yìn díẹ̀. Accounting ni mo kà ní Àgọ́-Ìwòyè kí n tó wá sí Maryland. Òfin ló wù mí láti kékeré, JAMB ni kò jẹ́. Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá jáde girama lè bọ́ sínú òfin tààrà, á fi ọdún márùn-ún kà á kó tó lọ sí Law School. Ní Amẹ́ríkà, o gbọ́dọ̀ ti gba oyè kan ná, kí o tó wá fi ọdún mẹ́ta lé e. Ìgbà tí mo gbọ́ èyí ni mo rí i pé ilẹ̀kùn tó tì mọ́ mi kò tíì tì tán. Lẹ́yìn náà ni àlejò pásítọ̀ kan wá ṣe ìsọjí ní ìjọ wa, ó nawọ́ sí mi láàárín èrò, ó ní òun rí wíìgì funfun lórí arábìnrin yẹn. Gbogbo ìjọ ké Àmín. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó rántí pé lọ́yà Amẹ́ríkà kì í dé wíìgì.

Mo ṣe ìdánwò àbáwọlé wọn, LSAT. 120 ni ìsàlẹ̀ ẹ̀, 180 ni òkè. 149 ni mo gbà, kì í ṣe máàkì téèyàn ń fi yangàn. Ilé-ẹ̀kọ́ méjì ló gbà mí. Ọ̀kan jẹ́ ti ìjọba, kò jìnnà sílé, wọ́n sì ní àwọn á bá mi dín owó kù díẹ̀, láìsí "bí" tàbí "àfi" nínú ẹ̀. Èkejì jẹ́ ti yunifásítì aládàáni kan ní gúúsù Amẹ́ríkà, ti àwọn Kristẹni tí wọ́n ń pè ní evangelical. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ni wọ́n ṣe fún mi. Èmi ni mi ò kà á.

Mo tẹ̀ wọ́n láago kí n tó pinnu. Ọmọbìnrin tó gbé e bi mí bóyá òun lè gbàdúrà fún mi. Ó gbàdúrà náà, ó dárúkọ ọkọ mi, ó dárúkọ ọmọ mi. Omi bọ́ lójú mi. Ta ló máa wá sọ "Àmín" tán kó bèèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, àwọn mélòó ló pàdánù owó yìí lọ́dún tó kọjá?" Ojú tì mí. Mo rò pé ìbéèrè owó nínú ilé Ọlọ́run á dà bí àìnígbàgbọ́. Bẹ́ẹ̀ àwa náà la máa ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Jésù fúnra ẹ̀ sì ti sọ ọ́ nínú Lúùkù, pé ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ á kọ́kọ́ jókòó ṣírò iye tó máa ná an. Èmi kò ṣírò, mo kàn kọrin.

Ìdáhùn ìbéèrè yẹn kò tilẹ̀ gba ìtìjú kankan, torí ìta gbangba ló wà. ABA, ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò tó ń fọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ òfin ní Amẹ́ríkà, fi dandan mú gbogbo wọn kí wọ́n máa gbé ìwé kan jáde lọ́dọọdún. Standard 509 ni wọ́n ń pè é. Iye ẹni tí wọ́n fún ní owó tó ní àdéhùn nínú wà níbẹ̀, iye ẹni tó bọ́ mọ́ lọ́wọ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Iye tó ń yege nínú ìdánwò bar, èyí téèyàn ń ṣe kó tó di lọ́yà, náà kì í ṣe àṣírí. Láti ọdún 2019, òfin ABA ni pé ó kéré tán, ẹni 75 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó jókòó ṣe é gbọ́dọ̀ yege láàárín ọdún méjì tí wọ́n jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo ẹ̀ máa gbà yín lórí fóònù. Mo ti gba àwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí ìpinnu yẹn, mi ò sì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti fọwọ́ sí àti èyí tí wọn ò tíì fọwọ́ sí, ìtàn ló là mí lójú sí i, nígbà tí omi ti dànù. Lọ́dún 1979, yunifásítì Oral Roberts ní Tulsa, ní Oklahoma, dá ilé-ẹ̀kọ́ òfin sílẹ̀, O. W. Coburn lorúkọ ẹ̀. ABA kọ̀, kò fẹ́ fọwọ́ sí i, torí pé wọ́n ń mú akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ búra ìgbàgbọ́. Ọ̀rọ̀ di ti kóòtù, ọdún 1981 ni wọ́n tó rí ìfọwọ́sí gbà. Anita Hill tó jẹ́rìí níwájú àwọn sẹ́nétọ̀ lórí ọ̀rọ̀ Clarence Thomas, tí wọ́n fẹ́ fi ṣe adájọ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, lọ́dún 1991 ti ṣe olùkọ́ níbẹ̀ rí, èmi náà ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di 1986, wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa, wọ́n kó àwọn ìwé inú láíbìrì ẹ̀ fún yunifásítì Pat Robertson, oníwàásù orí tẹlifíṣọ̀n, ní Virginia Beach, èyí tó ń jẹ́ Regent lónìí. Ọdún méje péré. Mo máa ń ro ti ẹni tó wọlé lọ́dún 1985.

Ti Kánádà tilẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Trinity Western ní British Columbia fẹ́ dá ilé-ẹ̀kọ́ òfin sílẹ̀, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ wọn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ẹ̀jẹ́ pé kò ní sí ìbálòpọ̀ àfi láàárín ọkùnrin àti obìnrin tó ti ṣègbéyàwó. Ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò ìpínlẹ̀ náà àti ti Ontario ní àwọn ò ní gba ẹni tó bá jáde níbẹ̀. Ní June 15, 2018, adájọ́ méje nínú mẹ́sàn-án ní ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ gbè sẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ náà. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò ṣí. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀tọ́ tàbí àìtọ́ ẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ̀jẹ́ tí ẹ ń fọwọ́ sí nílé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe láàárín ẹ̀yin àti Ọlọ́run nìkan. Oúnjẹ yín so mọ́ ọn. Tiwa ní ìfọwọ́sí ABA pérépéré, Ọlọ́run ṣeun, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé mo yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó lọ. Orí ló kó mi yọ.

Mo fi Dámilọ́lá, ọmọ ọdún méje, sílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá ẹ̀ lóṣù kẹjọ, mo sì wọ bọ́ọ̀sì òru lọ sí gúúsù.

Kí n má parọ́ mọ́ wọn, wọ́n fẹ́ràn mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n á gbàdúrà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí àìsàn dá mi gúnlẹ̀ lóṣù kẹwàá, ìyàwó ọ̀kan nínú wọn gbé ọbẹ̀ adìyẹ wá fún mi ní yàrá, ọbẹ̀ tí kò ní ata rárá, mo sì lá a tán. Ìfẹ́ yẹn kì í ṣe ẹ̀tàn. Òun gan-an ló tún jẹ́ kí n sùn.

Ẹ wá gbọ́ bí kíláàsì ṣe rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n kì í dúró kó máa sọ̀rọ̀ kí ẹ máa kọ ọ́. Á dárúkọ yín lójijì, á ní kí ẹ sọ ẹjọ́ tí ẹ kà lálẹ́ àná. Èyí tó kàn mí ni Hadley sí Baxendale, ẹjọ́ England ti ọdún 1854. Àwọn kan ń lọ ọkà ní Gloucester, ọ̀pá irin ẹ̀ńjìnnì wọn kán. Wọ́n fún àwọn akẹ́rù kí wọ́n gbé e lọ sí Greenwich, kí wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ èyí tuntun tí wọ́n máa rọ. Akẹ́rù fi falẹ̀, ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́, èrè ń bọ́. Ṣé akẹ́rù máa san èrè tó bọ́?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyá mi ní ẹ̀rọ ìlọta n'Ìjẹ̀bú-Igbó! Mo mọ ọjọ́ tí bẹ́líìtì já ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà, tí oníbàárà ń gbé abọ́ ata kọjá lójú wa lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Mo dìde dúró, ẹlòmíì kì í dìde, mo sì ro ẹjọ́ náà bí ẹni tó wà níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ó dáa. Ká ní ẹni tó gbé ọ̀pá wá ti sọ fún akẹ́rù pé ẹ̀yọ kan ṣoṣo táwọn ní nìyí ńkọ́?" Mi ò rí nǹkan sọ. Kò sí nínú ìwé tí mo kà. Ó yí ìbéèrè náà padà lẹ́ẹ̀mẹta, mo dúró bí òpó. Nígbà tí mo jókòó, mo sọ fún ara mi pé ọkùnrin yìí ń wá ìjà ni. Ìdáhùn ìdánwò ló ń fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò mọ̀. Ohun tí akẹ́rù mọ̀ nígbà tó gba ẹrù, tàbí tó yẹ kó mọ̀, ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ náà dá lé.

Ìdánwò kan ṣoṣo ló wà fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, lóṣù Kejìlá. Kò sí tẹ́ẹ̀sì tó máa gbà yín sílẹ̀. Àwa mọ́kànlá dá ẹgbẹ́ àdúrà sílẹ̀, a gba àwẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan, a ṣe àìsùn lọ́jọ́ Jímọ̀. Ohun tí kò yé mi ni ohun tí wọ́n ń pè ní curve. Wọ́n ti pinnu tẹ́lẹ̀ ibi tí àárín kíláàsì máa wà. Tí ẹnì kan bá gòkè, ẹlòmíì ló máa sọ̀kalẹ̀. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n tilẹ̀ fẹ́ràn gbogbo wa bí ọmọ, máàkì A tó lè fún wa níye. Nínú yàrá kan náà, tí a di ọwọ́ ara wa mú, ìwọ̀nba A kan náà la jọ ń tọrọ. Àárín kíláàsì tiwa kò sì tó 3.0. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Àwọn tó ju ìdajì wa lọ kò lè dé ibi tí lẹ́tà ní ká dé, a ò báà ya wèrè sí ìwé.

Bí mo ṣe máa ń kọ ìdánwò nílé ni mo ṣe kọ ọ́: gbogbo òfin tí mo ti há sórí ni mo dà sílẹ̀, mo to orúkọ ẹjọ́ bí ẹni to ìlẹ̀kẹ̀. C+ ni mo gbà nínú Contracts, ìyẹn òfin àdéhùn. Mo lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n pé kó jẹ́ n rí ìwé mi. Ìlà pupa kan ṣoṣo ló wà níbi tó gùn jù: "Mo rí i pé o mọ òfin. Ṣé Bob máa rí owó ẹ̀ gbà àbí kò ní rí i?" Mo yẹ ìwé náà wò láti òkè délẹ̀. Bob ni ìbéèrè náà dá lé, mi ò sì dárúkọ Bob ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

Ohun tí ìlà pupa yẹn kọ́ mi nìyí, kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Wọn ò bi yín bóyá ẹ mọ òfin. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bob, ẹ sọ òfin tó kàn án ní ìlà méjì, kí ẹ wá fi ọ̀pọ̀ àkókò sọ bí òfin náà ṣe bá ọ̀rọ̀ Bob mu àti ibi tí kò ti bá a mu. Ìbéèrè ìdánwò ọdún tó ti kọjá wà ní láíbìrì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó gba A nínú ẹgbẹ́ àdúrà wa ti ṣe mẹ́sàn-án nínú ẹ̀, ó sì gbé e lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n kó bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ó gbàdúrà bíi tèmi. Ṣùgbọ́n "Ẹ máa ṣọ́nà, kí ẹ sì máa gbàdúrà" ni Bíbélì wí, ìṣọ́nà ló sì kọ́kọ́ dárúkọ.

Nígbà tí oṣù karùn-ún ọdún 2017 parí, 2.86 ni mo ní. Lẹ́tà wá. Ojú ewé kan ni, kò sí ẹsẹ Bíbélì níbẹ̀.

Oṣù méjì gbáko ni mi ò fi sọ fún ọkọ mi. Àbùkù ẹ̀ ló pọ̀ jù. Gbogbo ìjọ ló dáwó fún tíkẹ́ẹ̀tì mi. Ṣé kí n wá sọ pé mo ti pàdánù? Mo kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí mo kọ̀ sílẹ̀, wọn ò gbà mí pẹ̀lú máàkì yẹn. Mo wá lọ fọwọ́ sí gbèsè ní ìkọ̀kọ̀. Ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní 20,500 dọ́là lọ́dún nígbà yẹn, Grad PLUS, owó-yíyá ìjọba mìíràn, ni wọ́n fi ń dí ìyókù. Èlé Grad PLUS jẹ́ 7% lọ́dún yẹn, ó di 7.6% lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti san owó náà fún yín ni èlé ti ń gun, ẹ ò báà ṣì wà lórí bẹ́ńṣì. Èmi tí mò ń ṣàlàyé èlé fún ẹlòmíì! Bàbá Dámilọ́lá rí àpòòwé náà nínú àpótí lẹ́tà. Kò pariwo. Ó gbé e síwájú mi nígbà tí mo délé fún ìsinmi, ó ní, "Ṣé èmi náà ni ilé-ẹ̀kọ́ ni, tí o ò fi lè sọ fún mi?" Ìbá sàn kó pariwo.

Ohun kan ṣì wà tí mi ò retí. Mo rò pé níwọ̀n ìgbà tí a jọ jẹ́ àtúnbí, ọ̀kan ni wá. Ní January 27, 2017, ààrẹ Amẹ́ríkà fi òfin de àwọn èèyàn orílẹ̀-èdè méje láti wọlé. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, ẹni tó jókòó ti mí nínú ẹgbẹ́ àdúrà, tó ti gbàdúrà lórí Dámilọ́lá rí, gbè sẹ́yìn òfin náà tọkàntọkàn ní kíláàsì. Kì í ṣe ìkà. Kò kàn rí mi nínú ọ̀rọ̀ náà ni. Ìgbàgbọ́ kan náà kì í ṣe èrò kan náà, àti pé evangelical ti Amẹ́ríkà ní ẹrù òṣèlú tiẹ̀ tí ìjọ wa nílé kò gbé. Tí ẹ bá máa lọ, ẹ mọ̀ kí ẹ tó dé ibẹ̀, kó má bàa dà bí ọ̀dàlẹ̀ lójú yín.

Ọdún kejì àti ìkẹta dára díẹ̀, B ni púpọ̀ nínú ẹ̀. Mo jáde lọ́dún 2019, mo sì padà sí Maryland láti ṣe ìdánwò bar ní July. Ọdún yẹn ni Maryland bẹ̀rẹ̀ sí í lo UBE, ìdánwò bar kan náà tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ jọ ń lò. 266 ni wọ́n ń béèrè. 257 ni mo gbà. Ẹ̀bi ta ni? Mo ti padà sídìí akọ̀wé ìjọ láàárín oṣù tí mò ń kàwé, gbogbo Sátidé ni mo fi ń tẹ ìwé ètò ìsìn. Ojú ìwé ni mò ń kà, mi ò dáhùn ìbéèrè tó ọgọ́rùn-ún mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ igba ìbéèrè ló wà nínú apá kan ìdánwò náà, tí wọ́n máa fi wákàtí mẹ́fà dáhùn.

Ní ìkejì, mo gba àyè lọ́wọ́ pásítọ̀. Inú ẹ̀ ò dùn, ó gbà. Ọgbọ̀n ìbéèrè lójúmọ́, láti aago mẹ́rin ìdájí. Èyí tí mo bá kùnà, mo kọ ìdí ẹ̀ sínú ìwé kékeré kan tó ti kún fún epo ọbẹ̀ báyìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìdánwò February 2020 tó wọlé, ìjọba fi Nàìjíríà kún àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n dí ọ̀nà mọ́ lórí ìwé ìgbé-ìlú. Ìwé Màámi wà lórí tábìlì wọn. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní February 21, mo wọ gbọ̀ngàn ìdánwò ní 25. Mo fẹ́ sọ fún yín pé ìbínú ló jẹ́ kí n yege, ṣùgbọ́n ìwé kékeré elépo yẹn ni.

Nígbà tí mo fi fọ́tò ìbúra mi ránṣẹ́, Màámi pè mí lórí fídíò. Ó wo fọ́tò náà sún mọ́ ojú, ó ní, "Wíìgì ẹ dà?"

Lóṣù tó kọjá, ọmọkùnrin kan nínú ìjọ wa gbé lẹ́tà tiẹ̀ wá bá mi, láti irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Ó ti ń rẹ́rìn-ín kó tó jókòó. Mo ní kó fún mi ní ojú ewé kẹta. Tiẹ̀, ìkejì ni ó wà. Mo fa ìlà sí i lábẹ́, mo ṣí ìwé 509 wọn lórí fóònù, mo ní kó ka iye ẹni tó pàdánù owó náà fún mi sókè. Ó kà á. Mo tún sọ fún un pé láti July 1, 2026, Grad PLUS ti dópin fún ẹni tuntun, 50,000 dọ́là lọ́dún ni òdiwọ̀n ohun tí ìjọba máa yá akẹ́kọ̀ọ́ òfin, nítorí náà tí owó yìí bá bọ́, báńkì aládàáni ló máa lọ bá. Ó dákẹ́. Ó ní, "Àǹtí, ṣé mo lè ní kí wọ́n yọ àdéhùn náà kúrò?" Mo ní kó kọ ọ́ sí wọn, kó fi ọ̀wọ̀ kọ ọ́, kó má ṣe fi ẹsẹ Bíbélì sí i. A jọ kọ lẹ́tà náà lórí tábìlì kíṣìnnì. Wọn ò tíì dá a lóhùn.